Bí A Ṣe Ń Sẹ́ẹ̀tì Tápẹ́ẹ̀tì Alùpùpù CG125 Fúnra Ẹni

Alùpùpù tó ń kó àpò gbágùúdá láti oko kì í sábà dédé kú. Yóò kọ́kọ́ máa ṣòroó sítáàtì. Kíìkì rẹ̀ yóò fúyẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, òkè tó ti ń gùn láìmí tẹ́lẹ̀ yóò wá di ìṣòro fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, wọ́n á tún tú kábúrétọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè tíntín tó wà láàárín fáàfù àti rọ́kà (apá irin tó ń tẹ fáàfù ṣí), ló ti yí padà.

Honda CG125 ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, àti àwọn alùpùpù Ṣáínà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe àwòkọ, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ń ti rọ́kà láti ìsàlẹ̀. Àlàfo CG125 jẹ́ 0.08 mm fún fáàfù méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ìwé tó bá alùpùpù yín wá bá sọ iye mìíràn, ti ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má lo 0.08 fún Bajaj Boxer, torí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ yàtọ̀. AX100 tó máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo kò tilẹ̀ ní tápẹ́ẹ̀tì rárá.

Ìdí tí àlàfo fi ṣe pàtàkì

Fáàfù ni ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ̀yìn, lápá kábúrétọ̀, ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Ti iwájú, lápá sàlẹ́ńsà, ń lé èéfín jáde. Bí rọ́kà bá fún mọ́ fáàfù jù, ilẹ̀kùn náà kò ní lè pa dé dáadáa. Ìgbà tí fáàfù bá jókòó sí àyè rẹ̀ nínú hẹ́ẹ̀dì (orí ẹ́ńjìnnì) ni ooru ara rẹ̀ ń ráyè jáde. Bí kò bá jókòó, iná á máa gba etí rẹ̀ kọjá, etí náà á jó, agbára ẹ́ńjìnnì á sì tán. Fáàfù èéfín ló sábà máa ń kọ́kọ́ kàgbákò yìí, kì í sì í pariwo kó tó ṣẹlẹ̀.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ẹ ó gbọ́ kọ̀kọ̀kọ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn náà kò dára: fáàfù kò ní ṣí tó, ẹnu rọ́kà á sì máa jẹ. Ṣùgbọ́n ó ṣì sàn ju èyí tó fún jù lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún mẹkáníìkì pé kó bá yín pa ariwo tápẹ́ẹ̀tì. Tó bá fún un títí tó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́, fáàfù ló ń fi jóná. Ohun mìíràn tún ni pé bí fáàfù ṣe ń jẹ àyè rẹ̀ nínú hẹ́ẹ̀dì, àlàfo á máa dínkù fúnra rẹ̀. Etí kò lè gbọ́ ìyẹn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo 3,000 kìlómítà.

Ohun èlò

Ẹ nílò fíilà géèjì, ìyẹn àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, sípánà pulọ́ọ̀gì 18, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì tápẹ́ẹ̀tì mu (9 ló wọ́pọ̀), púláyà kékeré, àti àkísà mímọ́. Bí géèjì yín kò bá ní 0.08, ẹ sẹ́ẹ̀tì àlàfo náà kí 0.05 máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí 0.10 má lè wọlé. Abẹ tí wọ́n kọ 0.003 ínṣì sí náà dára. Ẹ má lo bébà. Bébà ìtẹ̀wé lásán tó nǹkan bí 0.1 mm, ó sì máa ń fún pọ̀.

Iṣẹ́ náà

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ gbóná ju 35°C lọ, oòrùn ọ̀sán nìkan sì lè mú irin kọjá ibẹ̀.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì kúrò, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó ṣí i. Iyanrìn tó bá já sínú ihò àwọn ọ̀pá á bọ́ sínú ọ́ìlì. Ẹ ti epo pa, kí ẹ tú pulọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà kí ẹ tú ìdérí orí hẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wá ṣí ojú ibi tí a ti ń rí màgínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àgbá irin tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, lápá òsì. Àwọn mìíràn ní ọmọrí kékeré níbẹ̀; fún àwọn tó ti pẹ́, gbogbo ìdérí òsì lẹ ó tú. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí nọ́ọ̀tì àárín màgínẹ́ẹ̀tì, ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí kò bá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé alùpùpù sórí sítáńdì ńlá, ẹ fi í sí jíà tó ga jù lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú.

Ẹ máa wo rọ́kà ẹ̀yìn. Yóò tẹ fáàfù rẹ̀ wọlẹ̀, yóò sì tún dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà T ara màgínẹ́ẹ̀tì yóò fi bá àmì ara ẹ́ńjìnnì dọ́gba. Ẹ má ṣì í mú F. Ti iná pulọ́ọ̀gì nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ mi rọ́kà méjèèjì: ó yẹ kí wọ́n mì díẹ̀. Bí wọ́n bá le pọnkán, ìgbà tí èéfín ń jáde lẹ bá a. Ẹ yí i lódindi ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe.

Ẹ ki 0.08 sáàárín ìdí fáàfù àti ẹnu rọ́kà. Ó yẹ kó máa fà díẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi púláyà yí orí onígun mẹ́rin tó wà láàárín rẹ̀, kí ẹ sì dì í mú gírígírí bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì padà. Fífún nọ́ọ̀tì máa ń yí àlàfo padà, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì lódindi, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dé e.

Ẹ wo rọ́bà ìdérí dáadáa. Bó bá ti le tàbí tó ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́ìlì á máa jò. Ẹ má fún àwọn bóòtù rẹ̀ jù, torí hẹ́ẹ̀dì kì í ṣe irin líle, ojú ihò rẹ̀ máa ń já wẹ́rẹ́. Ẹ fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ pulọ́ọ̀gì kí ẹ tó fi sípánà fún un.

Bí wàhálà ò bá tán

Bí àlàfo bá pé síbẹ̀ tí kọ̀kọ̀kọ̀ ò dákẹ́, ẹ wo ẹnu rọ́kà. Bó bá ti jẹ kòtò, abẹ géèjì á gba orí kòtò náà kọjá, á sì máa purọ́ fún yín. Rọ́kà tuntun ló kù. Ẹ sì tún wò ó bóyá ọ̀pá kan ti tẹ̀.

Bí àlàfo iwájú bá tún fún pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí tí kíìkì ṣì fúyẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí fáàfù ti jó tàbí kí àyè rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má tún tápẹ́ẹ̀tì tú. Hẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí a ṣe ń lọ fáàfù mọ́ àyè rẹ̀.