Kí Ẹ Tó Ra Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Míì fún Ọkọ̀ Yín

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin onílé tí ẹ ń fi Sienna tàbí Camry tókùnbọ̀ kó tòmátì àti ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, nítorí pé lákòókò ìkórè tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn wọn, ìyẹn ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ tí iná check engine kò kú, tí ọkọ̀ kò sì yé mu epo bí ẹni mu omi. Ẹ mọ bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sórí jáàkì àti bí a ṣe ń yọ orí bátìrì. A kò ní tún un sọ.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a ń rí lemọ́lemọ́. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ sikáànì gbé jáde kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà tó kú. Ẹjọ́ tí ọkọ̀ ń rò ni. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì, ara sẹ́ńsọ̀ tó ròyìn rẹ̀ sì lè dá ṣáṣá: ó lè jẹ́ rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ló ya, tàbí kí páìpù èéfín ti lu kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Lára ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ mẹ́ta yẹn, ibi tó sán kò gùn ju èékánná ọmọdé lọ, èéfín sì ti kun etí rẹ̀ dúdú. Ẹni tó ta sẹ́ńsọ̀ kejì fún onítọ̀hún kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. P0420 ní tirẹ̀ ń sọ pé kátálístì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù, kò ṣiṣẹ́ tó. Bí ẹnì kan bá ti gé kátálístì yín tà, sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá kò ní pa iná yẹn.

P0135 àti P0155 ló tọ́ka sí ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó wà ṣáájú kátálístì, gbóná. Lórí Sienna àti Camry tó ní ẹ́ńjìnnì V6, P0135 wà lápá ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti èrò, P0155 sì wà lápá rédíétọ̀. Ti apá rédíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń pààrọ̀, nítorí pé ọwọ́ tètè ń tó o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ fíúsì wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi mítà wọn wáyà méjì tí àwọ̀ wọn sábà máa ń bára mu. Bí mítà bá gbé nǹkan bí óòmù 1 sí 16, ohun tó ń mú un gbóná kò kú, wáyà ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá gbé nọ́ńbà kankan, sẹ́ńsọ̀ ti kú.

Ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Bí HO2S (sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó ní ohun tó ń mú un gbóná) nìkan bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìyí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wo sẹ́ńsọ̀ iwájú lójú ẹ̀rọ sikáànì: ó yẹ kó máa lọ sókè sódò láàárín fólítì 0.1 sí 0.9, ó kéré tán ìgbà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí A/FS (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pọ̀ sí) bá wà níbẹ̀, ẹ má fi ìwọ̀n yìí dá sẹ́ńsọ̀ iwájú lẹ́bi, nítorí irú rẹ̀ kì í fò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rà á pa pọ̀ mọ́ HO2S bí ẹni ra iyọ̀. Àyè kan náà ni ìdè wọn ń wọ̀, iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Bí ẹ bá wá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣe é nígbà tí páìpù ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Sípánà 22 ló bá ọ̀pọ̀ mu. Ẹ fọ́n òróró tó ń tú ìdè sí i, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 20. Gírísì tí kì í jẹ́ kí ìdè dì kò gbọ́dọ̀ kan imú sẹ́ńsọ̀, ọwọ́ yín tó lóróró kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ dè é dé nǹkan bíi 40 Nm, kí ẹ má fi paipu gígùn kún sípánà. Ẹ so wáyà jìnnà sí páìpù èéfín, kó má baà yọ́. Ẹ pa nọ́ńbà rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ náà kìlómítà 50 ó kéré tán, kí ẹ tún ṣe sikáànì. Kó tó di ìgbà náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní sẹ́ńsọ̀ àtijọ́.