Ẹran Mi Kò Mọ Àkókò Kúkúrú Yàtọ̀ sí Gígùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ eku àti ẹyẹlé láti mọ bí àkókò ṣe gùn tó, ìbéèrè kan náà lẹ ń gbé wá ṣáá. Ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí nìyí: nínú àpótí, ẹran á gbọ́ ohùn tàbí kó rí iná fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á yan "kúkúrú" tàbí "gígùn". Eku ń tẹ lífà (ọ̀pá kékeré) òsì tàbí ọ̀tún, ẹyẹlé ń yan ọ̀kan nínú bọ́tìnnì méjì; bó bá gbà á, ó jẹ oúnjẹ.

Ọ̀gá, lífà òsì nìkan ni eku mi ń tẹ̀.
Ṣé ebi ń pa á? Ṣé lífà ọ̀tún ń ṣiṣẹ́? Fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́ wò.

Ohùn ni mo fi kọ́ ọ. Mo wá fi iná dán an wò, ó ń pe gígùn ní kúkúrú.
Lọ́dọ̀ eku, iná kì í pẹ́ tó ohùn, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba. Má pààrọ̀ wọn.

Mo kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú àáyá 4 nìkan, ó tún ń tẹ lífà lẹ́yìn 3 àti 5.
Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó o bá fi 8 kọ́ ọ, àyè tó máa gbà mọ́ ọn yóò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn 2, òsì. Lẹ́yìn 8, ọ̀tún. Àárín wọn jẹ́ 5, kí ló dé tó fi jẹ́ 4 ni eku ti ń ṣe iyèméjì?
Ìlọ́po ló ń wò: 4 jẹ́ ìlọ́po méjì 2, 8 sì jẹ́ ìlọ́po méjì 4. Àwọn olùṣèwádìí Russell Church àti Marvin Deluty ti fi èyí hàn lára eku láti 1977. Òun náà ló jẹ́ kí 2 àti 3 rọrùn láti yà sọ́tọ̀ ju 12 àti 13 lọ. Eku rẹ kò ya òmùgọ̀ o.

Ẹyẹlé mi mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ tí mo bá jẹ́ kó dúró díẹ̀ kó tó yàn, "kúkúrú" ló ń yàn ṣáá.
Háà, èyí! Èyí fojú mi rí màbo. Bí ẹyẹlé bá yàn lójú ẹsẹ̀, kò sí wàhálà. Dá a dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí iná kú, yóò ṣì máa gba kúkúrú bó ṣe yẹ, gígùn ni yóò bàjẹ́ pátápátá. Mo yí oúnjẹ padà. Mo pààrọ̀ ẹyẹlé. Mo tú àpótí palẹ̀, mo tún un tò. Pàbó ni.

Marcia Spetch àti Donald Wilkie ti ròyìn rẹ̀ ní 1983. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àkókò tí ẹyẹlé rí máa ń súnkì nínú iyè rẹ̀ bó ti ń dúró. Àlàyé náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò tún nǹkan kan ṣe fún mi. Iṣẹ́ kan tí Thomas Zentall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998 ló mú mi lọ wo iná àpótí. Òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀ láàárín ìdánwò kan sí èkejì. Òkùnkùn kan náà ló wà nígbà tí ẹyẹlé ń dúró kó tó yàn. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìdánwò ṣì ń lọ? Bí bọ́tìnnì méjèèjì bá tàn, á dà bíi pé ìdánwò tuntun dé, tí iná àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ tàn rárá. Kúkúrú ló sì sún mọ́ "kò tàn rárá" jù.

Torí náà, tan iná àjà àpótí láàárín ìdánwò, pa á nígbà ìdúró. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyẹlé ṣì ń gbàgbé, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ pín sí ìhà méjèèjì.

Ta ni kí n pè, ìgbà wo sì ni?
Bí ẹran bá kọ oúnjẹ, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ ń já wálẹ̀, dókítà ẹranko, lónìí. Wáyà jẹ́ ti ẹni tó ṣe àpótí. Má fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kàn mí, kọ àṣìṣe kúkúrú sọ́tọ̀, kọ ti gígùn sọ́tọ̀. Àpapọ̀ wọn kò sọ nǹkan kan fún mi.