Bí mo ṣe wo ipa ọ̀rinrin àti gígùn ojúmọmọ lára kòkòrò ẹ̀wà

Ẹ̀wà olóyin ni mo lò. Fìríìsà ló kọ́kọ́ sùn fún ọjọ́ méje, torí ẹ̀wà ọjà kì í ṣàìní ẹyin kòkòrò lára, ìyẹn á sì da ìṣirò rú.

Mo da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ike méjì tó mọ́ gaara, mo wọ́n omi sí i títí ó fi rí bíi yanrìn etí odò. Ìdérí tó le ni mo fi dé wọn. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú wọn á dúró ní nǹkan bí 75%. Magnesium chloride, irú iyọ̀ mìíràn, ni mo fi sí ike méjì yòókù: tiwọn jẹ́ nǹkan bí 33%. Iyọ̀ tí kò yọ́ gbọ́dọ̀ máa wà nílẹ̀; bó bá yọ́ tán, ọ̀rinrin á gòkè láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ife tí hóró 50 wà nínú rẹ̀ jókòó lórí nẹ́ẹ̀tì, kó má kan iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò bẹ́ẹ̀ kí kòkòrò tó wọlé. Ẹni tó bá fo ibí yìí, ọ̀rinrin tí ẹ̀wà gbé wá láti ọjà ló ń wọ̀n.

Akọ márùn-ún àti abo márùn-ún lo wákàtí 24 nínú ife kọ̀ọ̀kan. Abo ni èyí tí àmì dúdú ńlá wà ní ìdí rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ ha ẹyin, ó ku ẹyọ kan lórí hóró kan, kí ebi àwọn ìdin tó ń du oúnjẹ nínú hóró kan má baà dà bí iṣẹ́ ọ̀rinrin.

Iná ló le jù. Nínú ike méjì tí ọ̀rinrin wọn dọ́gba, ọ̀kan gba ìmọ́lẹ̀ wákàtí 12 lójúmọ́, èkejì gba 16, táímà ló ń tàn án. Ẹ lo LED oníbátìrì, ẹ gbé e jìnnà: gílóòbù àtijọ́ ń gbóná, ooru á mú kòkòrò yára dàgbà, ẹ ó wá rò pé ìmọ́lẹ̀ ni. Bí ìdérí bá ń làágùn, ooru ọ̀sán àti tòru kò dọ́gba. Ẹ̀wà á bu.

Ẹyin tó pa á funfun bí ẹfun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ìyẹ̀fun tí ìdin gbẹ́ ti kún èèpo rẹ̀. Èyí tó ṣì mọ́ bíi gíláàsì kò pa.

Ní 75%, àgbà kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ní 33%, ọ̀pọ̀ ẹyin kò pa, àwọn tó yè sì pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Láàárín wákàtí 12 àti 16, mi ò rí ìyàtọ̀ tí mo lè tọ́ka sí. Inú hóró lókùnkùn ni ìdin ń gbé, ní Ìbàdàn náà, ọjọ́ tó gùn jù kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Kòkòrò tó ń lu pòròpórò àgbàdo ní Yúróòpù ló nílò láti máa fòye mọ gígùn ojúmọmọ, kó lè mọ̀ pé òtútù ń bọ̀.

Ẹ máa kó àgbà tó bá jáde kúrò lójoojúmọ́, kí wọ́n má tún yé sórí hóró tí ẹ ṣì ń kà.