Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ìgbéyàwó Inú Kamasutra sí Yorùbá

Ẹ dárúkọ Kamasutra láàárín àwọn ọ̀dọ́, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe máa ṣẹ́jú sí ara wọn. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ kò ju àwòrán orí ibùsùn lọ. Bẹ́ẹ̀ apá méje ni ìwé náà ní, apá kejì ló sì dá lórí ibùsùn ní pàtó. Apá kẹta sọ bí ọkùnrin ṣe ń wá aya, ìkẹrin sọ bí aya ṣe ń mójú tó ilé. Méjì yìí ni mo mú.

Vatsyayana, ará Íńdíà, ló kọ ọ́ ní èdè Sanskrit, ó sì ti lé ní 1,500 ọdún. Ọkùnrin náà kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Gbólóhùn rẹ̀ mìíràn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè Monier-Williams, tí Yunifásítì Cologne ní Jámánì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ń tú u, pẹ̀lú àlàyé tí Yashodhara ṣe sí i ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ohun tí Vatsyayana fẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ni mò ń kọ sínú ìtumọ̀. Ti Yashodhara, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni mo gbé e sí.

Orí kejì apá kẹta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tuntun ni. Fún òru mẹ́ta, kí wọ́n sùn sílẹ̀, kí wọ́n má bá ara wọn lò pọ̀, kí wọ́n má jẹ iyọ̀. Lẹ́yìn náà, fún ọjọ́ méje, kí wọ́n máa wẹ̀ pẹ̀lú orin, kí wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n lọ wòran, kí wọ́n sì yẹ́ àwọn ẹbí sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tó ṣáájú Vatsyayana ti ní bí ọkọ bá dúró bí òpó fún òru mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, ìyàwó á fojú ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin wò ó. Òun náà gbà pé kí ọkọ sún mọ́ ìyàwó, kó jẹ́ kó fọkàn tán òun, àmọ́ kó má fi ipá ṣe ohunkóhun. Ó ní bí òdòdó ni obìnrin rí, èyí tí wọ́n bá sì fi ipá mú kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, á kórìíra ìbálòpọ̀. Mi ò fi nǹkan kan bo èyí.

Ibi ewé betel, ewé tí àwọn ará Íńdíà máa ń jẹ lẹ́nu, ló gbà mí lákòókò jù. Ọkọ fẹ́ fún ìyàwó jẹ; bó bá kọ̀, kó tù ú nínú, kó búra, kó bẹ̀bẹ̀, kó tún wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní obìnrin tó ń tijú, kódà èyí tí inú ń bí gidigidi, kì í lè kọ ẹni tó bá wólẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo kà á sí létí bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ wo? Nínú ilé ta?" Bí mo bá lo "dọ̀bálẹ̀", òǹkàwé á ronú ìkíni àgbà àti àna. Bí mo bá sì fi mọ sí "bẹ̀bẹ̀", mo ti gba ọkọ náà sílẹ̀ nìyẹn. "Wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀" ni mo fi sílẹ̀. Ẹni tó bá yà lẹ́nu, kó yà á lẹ́nu.

Àwọn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ mi ò ṣí wọn àfi tí mo bá parí orí kan. Ẹ wo apá kẹrin. Nínú èyí tí Richard Burton àti Arbuthnot gbé jáde ní 1883, bí ọkọ bá hùwà àìdáa, kí ìyàwó má bú u, kó fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bá a wí. Sanskrit kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá! Ó ní kó má ṣàṣejù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó sọ̀rọ̀ gbá a lójú, ìbáà dá wà, ìbáà wà láàárín ọ̀rẹ́. Wendy Doniger, tó tún ìwé náà túmọ̀ pẹ̀lú Sudhir Kakar ní 2002, ti sọ ọ́ síta pé Burton yí i po. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé kí ìyàwó má fi egbò igi ṣoògùn fún ọkọ, nítorí kò sí ohun tó ń ba ìfọkàntán jẹ́ tó o. Ibẹ̀ kò gba àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kankan lọ́wọ́ mi.

Orí tó wà fún àwọn olórogún, wéré ni mo parí rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó kékeré máa wo àgbà bí ìyá, kí àgbà máa wò ó bí àbúrò. Ìyáálé, ìyàwó, orogún: gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó jókòó.

Àwọn kan ti ń ní kí n kúkú ṣe apá keje, níbi tí oògùn ìfẹ́ àti ti agbára wà. Vatsyayana kan náà tó ní kí ìyàwó má ṣoògùn ló kó wọn síbẹ̀ o. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí mi máa wá egbò igi Íńdíà kiri ọjà.