Ọ̀nà tí Kò Já: Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Òṣogbo Ṣe Ń Gbòòrò

Láti ìgbà tí Òṣogbo ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọdún 1991 ni ilé ti ń jẹ oko lọ, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun wọ̀nyí, ọ̀nà kò já síra.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn àṣìṣe náà ni pé kí ẹbí kọ̀ọ̀kan pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tirẹ̀, kí ó gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kí ó sì dá ọ̀nà dúró síbi tí ààlà rẹ̀ parí sí. Ẹbí kejì yóò la tirẹ̀ láti òdìkejì, ọ̀nà méjèèjì kò ní ko ara wọn, ògiri ẹnìkan àti ṣálángá ẹlòmíràn ni yóò sì wà láàárín. Obìnrin tí ó fẹ́ ra ata lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀yìnkùlé wọn kan ara wọn yóò jáde sí títì, yóò wọ ọ̀kadà, yóò sì gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Láàárọ̀, oríta kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ àdúgbò yóò há sí.

Ẹ má rò pé fífẹ títì lójú yóò wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sàn. Kò lè ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀nà kéékèèké tí a kò là. Ńṣe ni ó ń ṣí oko tí ó jìnnà sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta ilẹ̀, tí ọkọ̀ sì tún ń pọ̀ sí i. Géètì tí à ń fi dí òpópónà nítorí olè náà ń dá panápaná dúró lóru.

Àwọn kan ń pe àyíká Ọjà Ọba ní wúruwùru. Síbẹ̀, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè gba agboolé kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀, èyí tí kò ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì tí ọ̀nà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan.

“Ìjọba yóò tún un ṣe” kò tó gbójú lé. Iná jó apá tí ó pọ̀ jù nínú ìlú Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ ní 1666, àwọn kan sì gbé ètò ọ̀nà tuntun kalẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n padà kọ́lé sí jù, nítorí pé onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ààlà rẹ̀ mú. Lọ́dọ̀ tiwa, lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ìjọba tí ó bá gba ilẹ̀ láti la ọ̀nà gbọ́dọ̀ san owó ilé tí ó wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ béèrè àwòrán ilẹ̀ ẹbí tí ó múlé gbè é, kí ẹ sì rin ọ̀nà náà dé òpin. Bí ó bá parí sínú oko, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹbí méjèèjì fi ọwọ́ sí ìwé pé yóò kọjá, kí wọ́n sì ri òpó ààlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú yín.