Ìrírí Mi: Bí Mo Ṣe Gun Òkè Òkèmẹ̀sí Láti Wo Ojú Ogun Kírìjì

Ẹni tó bá ń wá àgbá ìbọn tàbí ilé ológun oníkankéré lórí òkè Òkèmẹ̀sí, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò ní rí i. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé àti odi ibùdó ogun láyé ìgbà náà, òjò ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì ti fọ amọ̀ lọ. Òkè fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́kù, ó sì tó ẹ̀rí. Ẹ gùn ún, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó rí ìdí tí Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn) jà, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, fi di ọdún 1893 kí àwọn ibùdó tó tú ká.

Àsìkò ni mo kọ́kọ́ mú. Oṣù Kọkànlá ló dára jù lójú tèmi: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò tíì le, wọn kò sì tíì máa sun ìgbẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti bo ojú ọ̀run, èèyàn lè gùn dé téńté orí òkè kó má rí ju igi tó wà nísàlẹ̀ lọ. Iná ìgbẹ́ ló tún burú jù, nítorí iná máa ń yára gòkè ju bó ṣe ń sọ̀ lọ, ẹni tó wà lókè ló sì ń lé bọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ kí òkúta gbẹ, torí ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára rẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an.

Láti Adó-Èkìtì, mo wọ mọ́tò tó ń gba Aramọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, mo sì sọ̀ ní Ìtawúre, níbi tí ọ̀nà Òkèmẹ̀sí ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ tètè sọ fún awakọ̀ pé Ìtawúre lẹ ti ń sọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ẹ̀fọ̀n lẹ ó bá ara yín. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ìlú.

Ààfin Ọwá Oòyè, ọba Òkèmẹ̀sí, ni mo yà sí kí n tó wo apá òkè rárá. Òkè yẹn ní onílé. Oko kòkó àti oko obì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tàkúté ọdẹ wà nínú igbó, àwọn ibì kan sì wà tí àlejò kì í dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọdẹ tó mọ̀nà, a sì fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kí a tó gbéra. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹsẹ̀ wa kò gbọdọ̀ dé?” Ẹ bi í bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ láìjiyàn. Ọlọ́kadà tó ní òun mọ̀nà kì í ṣe amọ̀nà o: ojú títì ló mọ̀.

Ẹrù mi kò pọ̀. Omi ló wúwo jù níbẹ̀: píọ́wótà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí í ṣe lítà mẹ́ta. Mo da ìdajì sínú ike, mo fi nílọ́ọ̀nù méjì wé ìyókù sí àárín báàgì, torí igun píọ́wótà ló máa ń bẹ́ tó bá gbá òkúta. Mọ́ínmọ́ín ewé àti ẹ̀pà ni oúnjẹ. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà jíjìn ni mo wọ̀. Bàtà òjò máa ń gbóná, kò sì di òkúta mú. Ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ tí mo fà bo ẹnu rẹ̀, fèrè kan, báńdéèjì, àti ọ̀pá tó ga dé àyà.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ìdí méjì ló wà fún un: kí oòrùn tó mú, àti pé ìwọ̀-oòrùn la fẹ́ wò. Láàárọ̀, oòrùn wà lẹ́yìn yín, gbogbo àfonífojì á hàn kedere. Lọ́sàn-án ó ti wà níwájú, fọ́tò kò sì ní mú nǹkan kan.

Nínú oko kòkó, ọ̀nà tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ni òkúta dé, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ rọra. Òkúta funfun líle ni, pẹ̀lú ìpọ́nrípọ́n díẹ̀, wọ́n tò léra bíi páálí tí wọ́n kó jọ tí wọ́n wá gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí ìhà kan òkè fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òmíràn fi dúró gbọnrangandan. Ẹ mú ẹyọ kékeré kan, ẹ fi àtàǹpàkò ra á: ohun wẹ́wẹ́ tó ń dán á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àárín pẹlẹbẹ kan sí èkejì ni nǹkan dídán yẹn ń wà, ibẹ̀ náà sì ni òkúta ti ń ya. Kí ẹ tó di èyíkéyìí mú, ẹ fi ọ̀pá kàn án. Tó bá dún ko, ó dúró. Tó bá dún bí ohun tó ní ihò nínú, ó ti ya lábẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kíkàn yẹn náà ló ń jẹ́ kí paramọ́lẹ̀ tó ń yáàrùn mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Òkúta yìí ló nà gba Ẹ̀fọ̀n lọ títí dé Ìkógòsì, níbi tí omi tó ń jáde láti inú rẹ̀ ti ń gbóná.

Nígbà tí a dé orí òkè, mo jókòó, mo kọ́kọ́ wá Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn náà mo wá apá Ìgbájọ, ní àríwá rẹ̀. Ìhà Ìgbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí. Èkìtì Parapọ̀ wà ní ìhà tiwa. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni Fábùnmi, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀ (aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú) tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò láti Iléṣà ló sì wá di olórí ogun. Ẹ wo ilẹ̀ tó wà láàárín: òkè, àfonífojì, òkè. Ẹni tó bá fẹ́ kọlu ẹnì kejì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní gbangba kó tún máa gùn bọ̀ wá bá ìbọn. Ṣakabùlà sì ni ìbọn, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta, ó ń gba àkókò. Nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè lé ẹnì kejì kúrò. Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886, àwọn ọmọ ogun sì tún wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i.

Bí ẹ bá rí kòtò gígùn nínú igbó, ẹ má tètè pè é ní yàrà ogun. Ọ̀gbàrá máa ń gbẹ́ ilẹ̀ tààrà láti òkè sọ̀ kalẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì kún fún yanrìn àti òkúta. Yàrà tí ọwọ́ gbẹ́ máa ń dábùú ìdagẹ̀rẹ́, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo bí ebè gígùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ebè yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ga dọ́gba fún ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ogún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì bi ọdẹ ohun tí àwọn àgbà ń pè é. Àfọ́kù ìkòkò tàbí irin tó bá wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa kò gba ká hú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ, ohun tí a bá sì gbé kúrò ní àyè rẹ̀ kò lè sọ ibi tí ó ti wá mọ́.

Sísọ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe ju gígùn lọ, torí orúnkún ti rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. A fi ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sáàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, a ń yà díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí òkúta tí ẹni ẹ̀yìn bá ta má baà bá ẹni iwájú. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí mo fi padà sí ààfin láti sọ fún wọn pé gbogbo wa ti sọ̀. Ẹ má fojú fo èyí, torí bí wọn kò bá rí yín, wọ́n lè rán àwọn ọdẹ wọ igbó lóru láti wá yín.