Bí ẹ ṣe máa múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ájẹ́ńsì módẹ́ẹ̀lì àti òṣèré

Ohun méjì ni àwọn tó máa jókòó síwájú yín fẹ́ mọ̀: irú iṣẹ́ tí wọ́n lè bá yín wá, àti bóyá ẹni tó ṣeé tọ́ sọ́nà ni yín. Ẹwà nìkan kò dáhùn ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi alẹ́ ọjọ́ kan ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín, téèpù télọ̀ sì ni kí ẹ lò. Fún gíga, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kí ẹlòmíràn gbé ìwé tó nípọn lé yín lórí, kó sì fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wọn àyà níbi tó ti yọ jù, ìbàdí níbi tó ti tín-ín-rín jù, àti ìdí níbi tó ti fẹ̀ jù. Téèpù kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ fún ara. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà àti ní ínṣì, pẹ̀lú nọ́ńbà bàtà yín. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀, torí wọ́n máa tún yín wọ̀n níbẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń rán aṣọ àfihàn sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Bí aṣọ bá kọ̀ láti wọ̀ yín lọ́jọ́ iṣẹ́, ájẹ́ńsì ni oníbàárà máa bá wí.

Fún àfihàn aṣọ, obìnrin tó ga tó 173 sí 180 sẹ̀ǹtímítà àti ọkùnrin tó ga tó 183 sí 190 ni wọ́n sábà máa ń wá. Bí ẹ kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ gbangba pé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tàbí eré ni ẹ bá wá. Ibẹ̀ kò ní òfin gíga.

Fọ́tò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Èyí tí ájẹ́ńsì módẹ́ẹ̀lì ń bèèrè, tí wọ́n ń pè ní digitals, kò nílò sítúdíò. Fóònù tó dára ti tó. Ẹ dúró lójú ọ̀sán kí ẹ kọjú sí fèrèsé tí oòrùn kò ràn wọ̀ tààrà, kí ògiri funfun wà lẹ́yìn yín ní nǹkan bíi mítà kan, kí òjìji yín má baà hàn lára rẹ̀. Kò sí mékọ́ọ̀pù, ẹ di irun sẹ́yìn, ẹ wọ aṣọ dúdú tàbí funfun tó bá ara mu. Kí ẹni tó ń ya fọ́tò jìnnà díẹ̀, kó sì fi kámẹ́rà fà yín súnmọ́. Bó bá súnmọ́ jù, imú yín á tóbi ju bó ṣe rí lọ. Bí ó bá ń ya gbogbo ara, kó gbé fóònù sí ọ̀gangan ìbàdí yín. Láti òkè, ẹsẹ̀ á kúrú. Ẹ ya ojú láìrẹ́rìn-ín, ojú pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì, orí dé ìbàdí, lẹ́yìn náà gbogbo ara níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Ẹ má fi fílítà kankan sí i. Ẹni tó wà nínú fọ́tò gan-an ló gbọ́dọ̀ wọlé, ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹ gé irun tàbí kí ẹ pa á láró lọ́sẹ̀ yẹn.

Òṣèré nílò headshot, ìyẹn fọ́tò ojú dé èjìká, tó fẹ̀ ní ínṣì 8, tó gùn ní ínṣì 10, pẹ̀lú CV ojú ewé kan tí a gé sí ìwọ̀n kan náà, tí a sì fi pín-ìn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí CV, ohun tí ẹ lè ṣe lójú ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ gbọ́ èdè kan, ẹnì kan nínú yàrá náà lè fi í kí yín. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé.

Ẹ há ọ̀rọ̀ eré méjì sórí, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ọ̀kan le, kí èkejì dẹ̀, kí ọjọ́ orí ẹni tó ń sọ ọ́ sì súnmọ́ tiyín. Ẹ mú ibi tí ènìyàn ti ń bẹ ẹlòmíràn tàbí tó ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ròyìn. Ẹ má wo ojú ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ fojú sí ibì kan ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kó lè ráyè kọ nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ń sọ pé, “Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.” Ìdánwò gidi nìyí. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń wá kàn máa ń tún ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú ṣe, wọ́n á wulẹ̀ gbóhùn sókè. Nílé, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà mẹ́ta: bí àṣírí, bí ẹ̀bẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé tí ẹ kò rí rí, ẹ gbé e sí ọ̀gangan àyà, kó má bo ojú. Ẹ fi àtàǹpàkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbójú sókè, kí ẹ tó sọ ọ́.

Kí módẹ́ẹ̀lì obìnrin mú bàtà gìgísẹ̀ gíga tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dání, ti sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ fi fídíò ká ìrìn yín sílẹ̀ láti iwájú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni wíwo ilẹ̀.

Wọ́n á bi yín nípa àyè tí ẹ ní, ilé ẹ̀kọ́, ìrìn-àjò, àti bóyá ẹ ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ájẹ́ńsì mìíràn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pinnu ohun tí ẹ kò ní ṣe: ìhòhò, ìpolówó ọtí tàbí sìgá, fífá irun. Ẹ sọ ọ́ láìbẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin náà ní ìbéèrè. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà? Láàárín 10 sí 20 ló wọ́pọ̀, inú owó iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ọdún mélòó ni àdéhùn náà, ìnáwó wo ni wọ́n máa yọ nínú owó yín, báwo ni èèyàn ṣe ń jáde? Ájẹ́ńsì tó bá gba owó ìforúkọsílẹ̀, tàbí tó bá fi dandan lé e pé ayàwòrán tiwọn ni kí ẹ sanwó fún, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣe ìpàdé nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má bọ́ aṣọ nítorí ìwọ̀n, torí aṣọ tó bá ara mu kò dí téèpù lọ́wọ́. Bí ọjọ́ orí yín kò bá tíì pé ọdún 18, kí òbí tàbí alágbàtọ́ wọlé pẹ̀lú yín. Ẹ gbé ìwé àdéhùn lọ sílé, kí ẹnì kan tó mọ òfin bá yín kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní àfi lónìí, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un.